Peter Cotty: Onímọ̀ tó fi fọ́ńgọ́ọ̀sì lé fọ́ńgọ́ọ̀sì lóko

Àgbàdo àti ẹ̀pà kì í dúró dìgbà tí wọ́n bá dé àká kí wọ́n tó kó májèlé. Látinú ilẹ̀ oko ni fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus ti ń bá wọn bọ̀. Bí ọ̀dá bá dá, tí ooru mú, tí kòkòrò sì dá ọmọ àgbàdo lu, ó ráyè wọlé nìyẹn, yóò sì tu májèlé aflatoxin sínú rẹ̀.

Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà ṣe. Ibẹ̀ ni àṣírí májèlé yìí ti tú. Ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, sísè kò sì ní kí ó kúrò. Ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2004, àgbàdo tó ní in nínú pa ènìyàn 125.

Peter Cotty, onímọ̀ nípa àrùn irè oko tó bá iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, ti ń wádìí fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí láti àwọn ọdún 1980. Ní Arizona, kóró òwú ni wọ́n fi ń bọ́ màlúù, májèlé inú rẹ̀ sì ń bá wàrà jáde. Cotty rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà Aspergillus flavus ló ń ṣe májèlé. Kàkà kí ó máa wá oògùn tí yóò pa gbogbo wọn run, ó da èyí tí kò léwu sóko kí òwú tó so, kí ó lè gba ilẹ̀ mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Ẹni tó bá tètè dé ìdí àwo ló ń jẹ àjẹyó. Lọ́dún 2003, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí AF36, ọ̀kan lára ẹ̀yà tí kò léwu wọ̀nyí, fún oko òwú.

Iṣẹ́ yìí dé Ìbàdàn, níbi tí Cotty àti Ranajit Bandyopadhyay ti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn, ti jọ ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Aflasafe. Wọn kò kó ti Amẹ́ríkà wá. Ẹ̀yà mẹ́rin tí kò léwu ni wọ́n ṣà nínú èyí tó wà ní Nàìjíríà gan-an, wọ́n sì fi ra ọkà bàbà tí wọ́n ti yan kí ó má bàa hù. Kílò 10 ni àgbẹ̀ ń fọ́n sórí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń dín májèlé náà kù ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ojú lásán kò lè rí aflatoxin. Ẹ tètè dáàbò bo oko, ẹ sá irè yín kó gbẹ dáadáa. Èyí tó bá sì ti bu, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì fún adìyẹ jẹ.