Ẹni Méjì Lórí Abẹ́rẹ́ Kan

Potassium chloride inú ìgò kékeré mọ́ gaara bí omi tí nọ́ọ̀sì fi ń po òògùn. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ omi dírípù, tó ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń dóòlà ẹ̀mí ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti gba èròjà yìí lára rẹ̀. Bí wọ́n bá fún un tààrà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àṣìṣe yìí ti pa aláìsàn ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí Joint Commission, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò níbẹ̀, fi rọ̀ wọ́n lọ́dún 1998 pé kí wọ́n kó o kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2002. “Ẹ ṣọ́ra” nìkan kò tó: ó máa ń rẹ ẹni tó ṣọ́ra jù lọ náà, ìgò méjèèjì sì jọra.

Èrò wa ni pé kí ẹni méjì máa yẹ irú òògùn bẹ́ẹ̀ wò, kí àṣìṣe ẹnì kan má lè dé ara aláìsàn kí ẹlòmíràn tó rí i. Ẹ wo insulin. Èyí tó wọ́pọ̀ ní yúníìtì 100 nínú mililita kan, nítorí náà yúníìtì 10 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá mililita. Ẹni tó bá fi sírínjì lásán fà á, tó ṣi ìlà kà, lè fún aláìsàn ní ìlọ́po mẹ́wàá. Magnesium sulphate, tó ń dáàbò bo aboyún lọ́wọ́ gìrì, lè dá èémí dúró bó bá pọ̀ jù. Kí wọ́n tó fún un ní èyí tó kàn, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ka mímí rẹ̀, kó kan orúnkún rẹ̀ wò bóyá ẹsẹ̀ ṣì ń ta, kó sì wo bó ṣe ń tọ̀.

Wọ́n á ní nọ́ọ̀sì kò tó, pàápàá lóru. Òótọ́ ni. Ìdí rèé tí a kò fi béèrè ẹni méjì fún gbogbo abẹ́rẹ́, bí kò ṣe fún ìwọ̀nba òògùn tí àṣìṣe ẹ̀ẹ̀kan lè pa ènìyàn. Àtakò tó lágbára jù ni pé ẹnì kejì á kàn buwọ́ lù ú. Bẹ́ẹ̀ ló máa rí bí ẹnì kìíní bá ti sọ ìdáhùn fún un. Kí ó fúnra rẹ̀ ka ìwé dókítà, kó fúnra rẹ̀ ṣírò, kó tó gbọ́ iye tí ẹnì kìíní rí.

Ó ku orúkọ aláìsàn. Láàárín àwọn Akan ilẹ̀ Ghana, ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì ni Kofi. Kofi mẹ́ta lè wà ní wọ́ọ̀dù kan, bí Táíwò méjì ṣe lè wà láàárín àwa Yorùbá. Ẹ̀yin aláìsàn, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún àti ọjọ́ ìbí yín bí nọ́ọ̀sì bá tún bi yín, kódà bó ti mọ̀ yín láti àárọ̀. Bí ohun tí ẹ sọ kò bá bá fódà mu, kí abẹ́rẹ́ náà dúró ná.