Ẹni Tó Mọ Gbẹ̀gìrì Sè, Harira Kò Jìnnà Sí I

Ẹni tó bá mọ gbẹ̀gìrì sè ti rìn ju ìdajì ọ̀nà lọ dé ìdí àdògán àwọn ará Mòrókò. Ọbẹ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní harira. Bí oòrùn bá ti wọ̀ nínú oṣù Ramadan, òun ni wọ́n fi ń ṣínu ní Casablanca, ní Marrakesh àti ní Fez, bí àwa náà ṣe ń fi ògì gbígbóná àti àkàrà ṣínu ní Ìsẹ́yìn níbí. Fez yìí ni ìlú tí àwọn ọmọ Tijániyà ilẹ̀ wa máa ń lọ ṣèbẹ̀wò sí, níbi tí wọ́n sin Ṣéù Ahmad al-Tijani sí lọ́dún 1815. Nígbà ìṣínu wọn, dàbínù ló ń kọ́kọ́ kan ẹnu, kí ọbẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀wà ni ìpìlẹ̀ ọbẹ̀ náà, bí ó ṣe jẹ́ ìpìlẹ̀ gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tiwọn ń jẹ́ lẹ́ńtìlì. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, inú èèpo ni àwọn méjèèjì ń gbó sí lóko. Tiwa yìí, ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín. Lẹ́ńtìlì wá láti apá Síríà àti Tọ́kì, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín láti ohun tó lé ní 8,000 ọdún sẹ́yìn. Lónìí, Kánádà ló ń kórè rẹ̀ jù lágbàáyé. Ó kéré, ó sì pẹlẹbẹ. Pípẹlẹbẹ yẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti sè: omi kì í rìn jìnnà kó tó dé inú rẹ̀, nítorí náà a kì í rẹ ẹ́ mọ́jú. Bí ó bá lo bí ìṣẹ́jú 30 lórí iná, ó ti rọ̀. Ẹ ṣáà ṣà á dáadáa kí ẹ tó fọ̀ ọ́, torí òkúta máa ń fara pamọ́ sáàárín rẹ̀.

Ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe gbẹ̀gìrì: a ó rẹ ẹ̀wà, a ó bó o, a ó fi kán-ún sè é títí yóò fi fọ́, a ó fi ìjábẹ̀ jà á, a ó sì sẹ́ ẹ kó lè jọ̀lọ̀. Àwọn ará Mòrókò kì í bó lẹ́ńtìlì wọn, wọn kì í jà á, wọn kì í sẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ kí eyín rí nǹkan ṣe. Wọ́n tún ń fi ẹ̀wà mìíràn sí i, èyí tó rí rogodo tí wọ́n ń pè ní chickpea, àti ẹran àgùntàn tí wọ́n gé wẹ́wẹ́.

Ibo wá ni ọbẹ̀ náà ti ń ki? Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n ń pò mọ́ omi tútù, tí wọ́n ń dà sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n sọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń rò ó láìdáwọ́ dúró kó má baà di kókó. Àwọn mìíràn máa ń po ìyẹ̀fun náà sílẹ̀ láti alẹ́ àná kó lè kan. Ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: ìyẹ̀fun tí a pò mọ́ omi, tí ó kan, tí a ń rò lórí iná. Ògì kúkú nìyẹn! Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọbẹ̀ yìí nìyí, pé ohun tí a fi ń ṣínu níbí gan-an lè wọ inú ìkòkò wọn láìsí ìjà. Ògì àgbàdo funfun ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí a fi omi tútù là yóò ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ ó ti kan ná, ẹ rọra fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

Ohun amọ́bẹ̀dùn ló ya harira sọ́tọ̀. Atalẹ̀ wà níbẹ̀, atalẹ̀ pupa wà níbẹ̀, ata dúdú tó jẹ́ ọmọ ìyá ìyèré wà níbẹ̀. Sínámọ́nì nìkan ló lè ṣàjèjì. Èèpo igi ni, bí èyí tí àwọn eléwé ọmọ ń tà fún àgbo, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ ni tiwọn ń lọ, òórùn rẹ̀ sì dùn. Kò sì yẹ kí ohun tó wá láti apá Àríwá Áfíríkà yà wá lẹ́nu. Òwú sílíìkì pupa tí àwọn baba wa fi ń hun àláárì, aṣálẹ̀ Sàhárà ló gbà kọjá lórí ràkunmí kó tó dé ìdí òfì.

Wọ́n tún ní bọ́tà kan tí wọ́n ń fi iyọ̀ sí, tí wọ́n ń tọ́jú fún oṣù púpọ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi le. Smen lorúkọ rẹ̀, ipò irú ló sì wà nínú ìdáná wọn. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi irú rọ́pò rẹ̀. Irú yóò bo sínámọ́nì mọ́lẹ̀ pátápátá. Bọ́tà lásán ṣíbí kan tó. Epo pupa pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kó dúró de gbẹ̀gìrì, òróró ni kí ẹ lò. Ata rodo kò sí nínú tiwọn, mo sì rọ̀ yín kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí lẹ́ńtìlì rà ní àwọn ilé ìtajà ńlá Ìbàdàn, kó bu òtílí. Àwọn ará Íńdíà ń bó òtílí, wọ́n ń là á sí méjì, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀ tó gbajúmọ̀ káàkiri ayé, nígbà tí àwa ń jẹ́ kó di oúnjẹ àwọn àgbà nìkan. Ó le lóòótọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ẹ sì bọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ kó rọ̀ dáadáa.

Fún ènìyàn mẹ́fà, ẹ fi òróró yí àlùbọ́sà ńlá méjì àti ìdajì kílò ẹran àgùntàn lórí iná. Ẹ da atalẹ̀ lílọ̀, atalẹ̀ pupa àti ìyèré dípò ata dúdú sí i, ṣíbí ìpotíì kọ̀ọ̀kan, àti ìdajì ṣíbí sínámọ́nì. Bí òórùn bá ti tú jáde, ẹ bu omi lítà méjì sí i, kí ẹ sè é títí ẹran yóò fi fẹ́ rọ̀. Ìgbà náà ni lẹ́ńtìlì ife kan yóò wọlé, pẹ̀lú ìdajì ife chickpea tí ẹ ti rẹ mọ́jú tí ẹ sì ti bọ̀.

Tòmátì mẹ́fà tí ẹ lọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ná. Gbogbo ẹni tó ń se gbẹ̀gìrì mọ̀ pé kán-ún ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀. Ohun kíkan ni òdìkejì rẹ̀, ó ń mú kí ẹ̀wà pẹ́ lórí iná. Nítorí náà, ìgbà tí lẹ́ńtìlì bá rọ̀ ni kí ẹ da tòmátì sí i, kó sè fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀kúnwọ́ sùpàgẹ́tì wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀, ẹ fi iyọ̀ àti bọ́tà sí i, kí ẹ wá da ògì sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki díẹ̀. Kò gbọdọ̀ ki tó gbẹ̀gìrì, ṣíbí la fi ń mu ún. Ewé kọriáńdà ni wọ́n ń gé lé e. Ẹfinrin ewé méjì péré lè dípò rẹ̀, bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò gba ọbẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Búrẹ́dì ló bá a mu, kì í ṣe àmàlà. Bí ó bá ṣẹ́kù mọ́jú, yóò ti ki. Ẹ bu omi gbígbóná sí i, ẹ tún iyọ̀ rẹ̀ tọ́ wò, ó ti di oúnjẹ sààrì.