Ẹ Má Jẹ́ Kí A Fi Oògùn Kọ́ Kòkòrò Àrùn Lọ́gbọ́n

Ohun tí a ń rí ní ìlú àti ní abúlé wa ni pé, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, a ó ránṣẹ́ sí ìsọ̀ olóògùn, a ó ra kápúsù méjì tàbí mẹ́ta, a ó tú u sínú omi, a ó sì fún ọmọ mu. Bí ìgbẹ́ náà bá dá ní ọjọ́ kejì, kápúsù ni a ń yìn. A kì í bi ara wa léèrè bóyá ìbá ti dá fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí a bá lo oògùn apakòkòrò, kòkòrò tí kò lágbára a kú, èyí tí ó lè fara dà á a sì kù, a sì máa bí sí i. Èyí tí ó tún burú jù ni pé kòkòrò kan lè fi agbára náà lé òmíràn tí kì í ṣe ìran rẹ̀ lọ́wọ́.

Ilẹ̀ Japan ni àṣírí yìí ti tú. Ọmọ ilẹ̀ náà, Kiyoshi Shiga, ni ó rí kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn ní 1897, tí a fi ń pè é ní Shigella. Ní 1955, àwọn dókítà ibẹ̀ rí Shigella tí oògùn mẹ́rin kò lè pa: sulfonamide, streptomycin, chloramphenicol àti tetracycline. Ẹnu yà wọ́n, nítorí pé a máa ń bá èyí tí oògùn ń pa àti èyí tí oògùn kò pa lára aláìsàn kan náà. Ní 1959, Tomoichiro Akiba àti Kunitaro Ochiai, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi hàn pé Escherichia coli, kòkòrò tí ń gbé inú ìfun gbogbo wa, lè fi agbára náà fún Shigella. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ọ̀ràn Japan kò kàn wá, kí ó gbọ́ ti Ilé-Ifẹ̀. Láti 1986 títí di 1998, àwọn onímọ̀ yẹ Escherichia coli 758 wò, èyí tí wọ́n rí nínú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ara wọn le. Wọ́n dán tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin wò lára wọn. Ní 1986, nínú kòkòrò 100, àwọn tí oògùn wọ̀nyí kò lè pa jẹ́ 9 sí 35, bí oògùn kọ̀ọ̀kan ti rí. Ní 1998, wọ́n ti di 56 sí 100. Ohun ìjà ti wà nílẹ̀ nínú ìfun ẹni tí kò ṣàìsàn. Shigella kàn ní láti wá gbà á ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fa ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé, oògùn apakòkòrò kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Omi àti iyọ̀ tí ń jáde lára ni ó ń pa ọmọ. Omi àti iyọ̀ ni kí a dá padà. Ẹ wọn ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kí ó dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí, sínú lítà kan omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Kí ọmọ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, kí ìyá má sì dá ọmú dúró. Ẹ béèrè oògùn zinc pẹ̀lú ní ilé ìwòsàn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, ẹ má fi falẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni a nílò oògùn apakòkòrò. Bí a bá ti sọ ọ́ di aláìlágbára nípa lílò ó fún ìgbẹ́ tí omi àti iyọ̀ tó fún, kí ni dókítà yóò fi gba ọmọ náà là?

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ yìí sí ojú pátákó lọ́la, kí àwọn ọmọ mú un lọ fún ìyá wọn.