Ìwé Kéwú Àwọn Baba Wa: Ẹ Má Ṣe Jẹ́ Kí Ikán Jẹ Ẹ́ Tán



Àwọn oníṣòwò tó ń gba ẹrù ní Èbúté Lekki mọ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí dunjú. Láti oṣù Kínní ọdún 2023 tí a ti ṣí èbúté náà, omi rẹ̀ tó jìn tó mítà 16.5 ti ń gba ọkọ̀ ńláńlá. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti wù kó tóbi tó, ẹni tí kò bá mú ìwé ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ kò lè gba kọ̀ńténà kan jáde. Bó bá búra títí pé gbogbo ọjà Ajah ló mọ̀ pé òun ló ni ín, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù yóò ní kó lọ mú ìwé wá. Bí a bá ka ìwé ọjà sí tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí ìwé ìmọ̀ tí àwọn baba wa fọwọ́ kọ fi ń jẹrà nínú àpótí?

Ẹ̀sìn wa kò fi ìwé ṣeré. Kíkà ni àṣẹ àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì wa (S.A.W.). Áyà tó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì, ìyẹn áyà 282 nínú Súrátù Bákárà, ọ̀rọ̀ gbèsè ló dá lé, pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí sì wà níbẹ̀. Àwọn alfa àtijọ́ pa àṣẹ náà mọ́. Tàdáwà ni wọ́n fi kọ òfin ìjọsìn, ogún pínpín, àdúrà àti ìtàn ìlú. Alfa Ahmad ọmọ Abubakar kọ ìtàn àwọn Ẹ́míà Ìlọrin ní èdè Lárúbáwá ní ọdún 1912.

Níbo la ti lè rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kà? Ìbàdàn kò jìnnà. Ní ilé ìkàwé yunifásítì ibẹ̀, tí à ń pè ní Kenneth Dike lónìí, Ọ̀gbẹ́ni Kensdale to orúkọ àwọn ìwé Lárúbáwá àfọwọ́kọ jọ, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín 1955 sí 1958. Ní 1964, yunifásítì náà dá ibùdó ìwé Lárúbáwá sílẹ̀, John Hunwick sì wà nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ń yá ìwé lọ́wọ́ àwọn alfa, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì ń dá a padà fún olówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé Kánò sì wà ní Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wo Tìmbúkútù. Nígbà tí àwọn ọlọ́tẹ̀ gba ìlú náà ní 2012, àwọn onílé ìwé di ìwé sínú àpótí irin, wọ́n kó o lọ sí Bàmákò ní bòókẹ́lẹ́. Ní oṣù Kínní 2013, iná jó lára èyí tó ṣẹ́ kù. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tilẹ̀ di ọjọ́ ogun. Alfa yóò kú, àwọn ọmọ yóò tún yàrá ṣe, wọn yóò sì kó àpótí bàbá sórí ààtàn. Ọ̀rinrin òkun Lekki àti ikán yóò parí ìyókù.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí ìwé bá dé yunifásítì, ó lọ nìyẹn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ kì í gbé ọjà sílẹ̀ láìgba rìsíìtì. Ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí, kí ẹ sì gbé tiyín padà sílé. Àwọn mìíràn ní alfa àwọn ti tó. Òótọ́ ni pé ilé ìkàwé kò lè rọ́pò alfa, ṣùgbọ́n alfa gan-an ló yẹ kó lọ síbẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ̀wé ṣáájú, kó mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Kó kọ́kọ́ wá orúkọ ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ, bí ẹ ti ń fi nọ́ńbà wá kọ̀ńténà. Pẹ́ńsùlù ni kó mú dání, kì í ṣe bírò, kí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́.

Ẹ̀yin Lèmọ́mù, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí kún wáàsí Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí olúkúlùkù wo inú àpótí ilé rẹ̀ kó tó sùn. Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ìmọ̀ àwọn baba wa parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.