Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun

Ní Ṣàgámù níbí, bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bá ti fẹ́ wọra, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi bi ara wọn pé, "Kí ni genotype rẹ?" Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ jíìnì kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ láàárín wa. G6PD lorúkọ rẹ̀. Kéèyàn jẹ́ AA kò ní kó má ní àbùkù rẹ̀.

Jíìnì yìí ló ń ṣe èròjà kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá ní àbùkù, èròjà náà á kéré. Ara ẹni tó ní in lè le koko, àfi bó bá kan àwọn nǹkan kan, bí oògùn ibà tó ń jẹ́ primaquine, tàbí káńfọ̀ funfun tí à ń kó sáàárín aṣọ. Sẹ́ẹ̀lì pupa á wá máa bẹ́.

Nínú ọkùnrin Yorùbá márùn-ún, bí ẹyọ kan ló ní in. Orí krómósómù X ló wà. Ẹyọ kan lọkùnrin ní, obìnrin ní méjì, ìdí nìyẹn tó fi ń mú ọkùnrin jù. Ní àríwá Yúróòpù, agbára káká la fi ń rí i. Àwọn ará Ítálì àti Gíríìsì ní oríṣi tiwọn, ẹ̀wà fava ló sì máa ń ta á jí.

Kí ló fà á? Ibà ni. Ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó ní sẹ́ẹ̀lì oríṣi méjèèjì. Kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó péye ju inú èyí tó lábùkù lọ. Níbi tí ibà ti ń pa ọmọdé, àwọn tó ní àbùkù yìí ló ń yè bímọ jù.

Tibi tire la dá ilé ayé. Ìyá àgbà á yọ aṣọ ẹ̀gbọ́n jáde nínú àpótí, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n á fi wọ ọmọ tuntun. Kò ní pẹ́, ojú ọmọ á pọ́n. Bí ohun tó ń mú ojú pọ́n yẹn bá dé ọpọlọ, ọmọ lè di adití, ó lè rọ, ó lè kú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa di òbí lọ́la, ẹ má kó káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ẹ má fi oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì fi àkókò ṣòfò. Bẹ́ ẹ bá wà ní Ìkẹ́nnẹ́ pàápàá, OOUTH ní Ṣàgámù kò jìnnà. Iná búlúù tí dókítà ń tàn sí ọmọ lára lè gbà á là, bẹ́ ẹ bá tètè dé.