Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ibo ni sátẹ́láìtì ń kó àwòrán rẹ̀ sí?

Tí ẹ bá ya fọ́tò léèsì ní ọjà Téjúoṣó, kíá ni oníbàárà yín á ti rí i lórí fóònù. Ti sátẹ́láìtì kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. NigeriaSat-2, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ ọdún 2011, máa ń yí ayé po láàárín nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú. Tó bá kọjá lókè ibùdó tó ń gba dátà, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ní láti sọ ẹrù kalẹ̀. Kó tó débẹ̀, inú mẹ́mórì ni gbogbo àwòrán wà.

Wàhálà gan-an nìyí: ìtànṣán òfurufú lè sọ 0 di 1 nínú mẹ́mórì náà, kò sì sẹ́ni tó máa gòkè lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àfikún kóòdù ti dátà lẹ́yìn, kí kọ̀ǹpútà inú sátẹ́láìtì lè rí àṣìṣe, kó sì tún un ṣe fúnra rẹ̀.

Tí mẹ́mórì bá kún ńkọ́? Sátẹ́láìtì kò ní lè ya àwòrán tuntun, àfi tí wọ́n bá pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.