Ṣé o mọ̀? Ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ tí a rán sí jẹjẹrẹ ọpọlọ

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ tí a fi abẹ gé tí ó tún hù, ṣe ń fara pamọ́ fún sẹ́ẹ̀lì T, akọni ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ ara lọ́sàn-án lóru. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe ń gba sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí wọ́n ń tún àbùdá wọn ṣe kí wọ́n lè dá àmì ọ̀tá mọ̀, kí wọ́n tó dá wọn padà. Ní ọdún 2016, City of Hope ní California ròyìn ọkùnrin kan tí gbogbo kókó jẹjẹrẹ orí àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ rọlẹ̀ fún oṣù 7 àbọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n da sẹ́ẹ̀lì náà sínú omi ọpọlọ rẹ̀. Ní 2024, Massachusetts General Hospital, Boston, ròyìn obìnrin kan tí jẹjẹrẹ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní ọjọ́ 5 péré lẹ́yìn tí ó gba irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ohun ìyanu gbáà! Ṣùgbọ́n àrùn náà padà sára àwọn méjèèjì; ọ̀kan lára ìṣòro ìtọ́jú yìí ni pé kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ni ó ní àmì kan náà lára.